Àmín Florence

Ohùn Florence kì í ṣe ohùn kékeré. Bó bá ṣe àmín ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń sáré tọ ọmọ lẹ́yìn ní ìta pàápàá á mọ̀ pé àdúrà ti parí. Òun ló ń gbé òkè nínú ilé tí a jọ háyà ní Castle Hill, nílùú New York, èmi Àrìnpé ń gbé ìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tó wà láàárín wa ju àtẹ̀gùn onígi kan tó máa ń dún bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń gbàdúrà àárọ̀ lókè, èmi náà á ti máa ṣe àmín nísàlẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń tọrọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Kí àgbà ṣáà ti ní "Ọlọ́run á...", àmín ti bọ́ lẹ́nu wa.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ló ń ṣe. Ọkùnrin òyìnbó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́ ló ń tọ́jú lápá Parkchester, bí ọkùnrin náà bá sì ti jẹun ọ̀sán tó sùn lọ, Florence á ki wáyà bọ etí, á máa gbọ́ Tú U Síta. Ètò orí rédíò ni, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń ṣe é, ọmọ wa kan tó ń jẹ́ Ọládiméjì ló sì ń darí rẹ̀ láti yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní Stapleton, ní Staten Island. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń sọ̀rọ̀. Kò sí ìjọba tó fún un ní láíṣẹ́ńsì, nítorí náà kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló ń sọ, ṣùgbọ́n èébú ló fi ń sè é. N kò ní parọ́, ó mọ èébú í bú, ó sì máa ń dùn ún gbọ́ nígbà tí kò bá tíì kan ilé ẹni. Àwọn tó ń sá àsálà wọ ìlú yìí ló kórìíra jù. Ó ní wọ́n ń rùn, ó ní àìsàn ni wọ́n ń kó wọlé, ó ní kí wọ́n kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀ ojú omi kan kí wọ́n sì dá ìdí rẹ̀ lu. Ọládiméjì kan náà yìí, gbogbo wa la mọ bó ṣe wọ Amẹ́ríkà. A mọ ẹni tó sùn sílẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ ní Brooklyn títí tó fi rí pépà.

Àdúrà ló máa ń fi kádìí èébú náà, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì nìyẹn. Kì í sọ pé òun máa lu ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló máa ń rán. "Ẹni tó ń ta ìlú yìí fún àjèjì, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí." Ta ló fẹ́ mú un lọ sí kóòtù nítorí pé ó ń gbàdúrà?

Florence pè é lẹ́ẹ̀kan péré. Sátidé kan ni, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, Ọládiméjì sì ní kí ẹnikẹ́ni tó ń wojú Olúwa fún ọmọ pe òun. Doyin nìkan ni Florence bí. Ibí ni wọ́n bí i sí, lọ́yà ni, ó fẹ́ Daniel, ọmọ àwọn ará Barbados, wọ́n sì ra ilé sí Cambria Heights. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó bàjẹ́ kẹ́yìn ti ń sọ nínú, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ láàárín ara wọn. Florence ò dárúkọ Doyin lórí rédíò, ó kàn ní òun ń pè láti Castle Hill, orúnkún ń dun òun, ọmọ òun obìnrin sì ń wá ọmọ. Ọládiméjì ní, "Màmá Castle Hill, ọmọ yín á gbọ́ igbe ọmọ nínú yàrá rẹ̀." Àmín tí Florence ṣe lọ́jọ́ yẹn, etí mi lásán ni mo fi gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, n kò lo rédíò. Ó gùn, ó gbọ̀n láàárín, ẹkún ló sì fi parí.

Àṣé Ọládiméjì ti fi àmín náà pamọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣépè fún aṣòfin kan, ó tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ rẹ̀, a sì gbọ́ ohùn Florence tó ké "Àmííín!" lẹ́yìn èpè náà. Ó yọ ẹkún ìparí rẹ̀ kúrò, ó fi igbe sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo èpè tó bá ṣẹ́, àmín Florence ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní Mummy Àmín. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ sọ fún ọkùnrin òyìnbó tó ń tọ́jú pé òun ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ìgbà tó yá ni Doyin jáde fún ìbò ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú New York. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan wà ládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n ti tì pa, àwọn kan sì fẹ́ kí ìjọba ṣí i fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, kí wọ́n yé sun orí àga ní ibùdókọ̀. Doyin ní òun fara mọ́ ọn. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lára pátákó ìbò rẹ̀, Doyin Greaves, nítorí náà àwọn tí kò bá sún mọ́ wa ò mọ ilé tó ti jáde. Oyún tún ti wà lára rẹ̀ nígbà náà. Daniel mọ̀, Florence mọ̀, èmi náà mọ̀, ó parí síbẹ̀. A ò fẹ́ gbé e sétí ẹnikẹ́ni kó tó dúró dáadáa.

Sátidé kan lóṣù kẹwàá, èmi ń ká aṣọ lórí ibùsùn nígbà tí mo gbọ́ àtẹ̀gùn. Florence ń sọ̀ kalẹ̀, wáyà rédíò ṣì wà létí rẹ̀ kan, ìkejì ń fì ní àyà rẹ̀. Ó jókòó lórí aṣọ tí mo ti ká.

"Àrìnpé," ó ní, "mo ti ṣépè fún ọmọ mi."

Kò lè tún un sọ, ńṣe ló na fóònù sí mi kí n gbọ́ ọ fúnra mi. Ọládiméjì ti bú Doyin fún bí ìdajì wákàtí. Ó ní akátá tí kò gbọ́ Yorùbá ni, ó ní àjèjì ló fẹ́, àjèjì ló sì fẹ́ fi kún ilé wa. Ó wá gbàdúrà rẹ̀. Ó ní, "Doyin Greaves tó fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ wá dí tiwa lọ́nà, kó má gbọ́ igbe ọmọ nínú yàrá rẹ̀ láéláé." Ọ̀rọ̀ tó fi súre fún un lọ́jọ́sí náà ló yí padà tó fi gégùn-ún, kò sì mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni ohùn Florence ké. Àmín tó ké pẹ̀lú ẹkún nítorí ilé ọmọ Doyin ni wọ́n gbé lé orí ilé ọmọ Doyin.

Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ni, pé Ọlọ́run mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti ẹ̀rọ. Ó wò mí.

"Ohùn ta ni?"

Inú bí mi débi pé mo tú gbogbo aṣọ tí mo ti ká.

Nígbà tí Doyin wá lọ́jọ́ Àìkú, mo ti rò pé yóò sọ pé òun máa gbé ọkùnrin náà lọ sí kóòtù. Lọ́yà ni, kí ló tún kù? Ó jókòó sí tábìlì ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó sì ní rárá. Ó ní kò sí adájọ́ tó máa dá ẹni tó ń gbàdúrà lẹ́kun, bó ti wù kí àdúrà náà burú tó. Òun náà ò fẹ́ kí irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ wà, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ẹnu àwọn aláìlágbára ni wọ́n máa kọ́kọ́ dí. Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ohùn ìyá rẹ̀ nìkan, òun lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ìdí lẹ́tà náà á hàn.

"Next Saturday, he'll tell everybody pé Doyin fẹ́ pa Yoruba man lẹ́nu mọ́," ó ní. "And he'll find out about the baby. Mommy, ẹ jọ̀ọ́, leave it. It's ugly, but it's free speech."

Doyin wá sọ èyí tó dun gbogbo wa. "When it was other people, ẹ̀yin náà ń laugh."

Yorùbá Doyin máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọlé geere. Florence fọwọ́ nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ," ó ní. "N kò ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ẹnu rẹ̀ ni, kó máa fi ṣe ohun tó bá wù ú. Ẹnu tèmi ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Láàárín ọ̀sẹ̀, èmi àti Florence wọ tréènì, a wọ ọkọ̀ ojú omi, a dé Stapleton. Florence ti mú mi búra nínú ọkọ̀ pé n kò ní sọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́, kí ọ̀rọ̀ ikùn Doyin má baà di ohun tí gbogbo ayé ń pè wọlé lé lórí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé ni, àwọn dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù kún ibẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bí Ọládiméjì ṣe rí wa ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wọn. Ó gbé àga fún wa, ó sáré lọ ra máàtì tútù, ohùn Florence ló fi mọ̀ ọ́n, ó bi í bóyá orúnkún rẹ̀ ti sàn nítorí ó rántí pé ó dárúkọ orúnkún lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́sí. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé ni lójúkojú. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ká ní ó rí wa fín, ì bá rọrùn fún mi.

Florence bẹ̀ ẹ́ kó yọ ohùn òun kúrò nínú ètò náà. Kò sọ ìdí. Ọládiméjì rẹ́rìn-ín, ó ní àmín Mummy ni ọkàn Tú U Síta, pé àwọn èèyàn ń pè láti Houston, láti London, torí àmín yẹn.

"Ẹ̀yin náà lẹ pè wá, Mummy. A ò fipá gbà á," ó ní. "Once it's on air, it's on air. America la wà. Free speech."

"Speech ta ni?" Florence bi í.

Ó rò pé àwàdà ni, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó wá ní òun ní èrò kan tó dára ju yíyọ lọ. Sátidé tó ṣáájú ìbò, kí Mummy wá sí yàrá rédíò fúnra wọn, kí wọ́n wá ṣe àmín náà lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ pé èèyàn tòótọ́ ló ni í. Florence ní òun á wá. Mo bá a jà nínú ọkọ̀ ojú omi títí a fi dé Manhattan. Omi ni òun ń wò.

Ọjọ́ Sátidé náà pé. Yàrá rédíò ò ju ilé ìwẹ̀ tó fẹ̀ díẹ̀ lọ, fóòmù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ yíká. Mo jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ọládiméjì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ Florence, ó kéde rẹ̀ bí ẹni kéde ìyàwó tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó bú àwọn tó ń sun ibùdókọ̀, ó bú àwọn ìyá wọn, ó dé orí Doyin, ó ní obìnrin tí kò rí ọmọ tirẹ̀ bí ló ń fi ọmọ àjèjì ṣeré. Florence gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. N kò mọ bó ṣe ṣe é. Èmi ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, ó fojú dá mi jókòó.

Nígbà tí ọkùnrin náà ní ó ti tó àsìkò àdúrà, Florence sún mọ́ ẹ̀rọ.

"Ládi, ojoojúmọ́ ni ò ń gbàdúrà fún àwọn èèyàn. Ta ló ń gbàdúrà fún ìwọ? Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe tìrẹ."

Kí ló fẹ́ sọ? Ọládiméjì ṣí fìlà, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ tí àmín Florence wà nínú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì dijú. Ojú rẹ̀ wá dà bí ojú ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ sin lọ sí ìrìn àjò.

"Ọládiméjì, o ò ní ṣàìsàn nílẹ̀ onílẹ̀."

"Àmín."

"Àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́."

"Àmín, Mummy."

"Ohùn rẹ kò ní kú sí ọ lọ́fun."

"Àmín o."

"Ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lò mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Àmín."

Florence ti ń yára báyìí, ọ̀rọ̀ ń já lu ọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ lókè ilé wa, ohùn rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n.

"Doyin Greaves, ọmọ tí mo bí, yóò gbọ́ igbe ọmọ nínú yàrá rẹ̀."

"Àmín ní orúkọ Jésù!"

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tó ṣe àmín sí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára, ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ ò padé. Rédíò dákẹ́. Gbogbo àwọn ará Houston àti London ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà.

"O ṣeun, ọmọ mi," Florence sọ sínú ẹ̀rọ. "Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ."

Ọládiméjì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó fi ìpolówó ọjà kan sí i. Kò dìde lórí orúnkún.

"Mummy, ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí." Omijé ti ń bọ́ lójú Florence, kò nù ún. "Lọ́jọ́ tí mo ké àmín yẹn, Ládi, o gbọ́ ẹkún tó wà ní ìparí rẹ̀. O gbọ́ ọ. Ìwọ lo gé e kúrò."

Ọládiméjì yọ ohùn náà kúrò nínú ẹ̀rọ lójú wa. Ó fi hàn wá pé kò sí níbẹ̀ mọ́, ó sì ń wo Florence bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Florence ní òun dúpẹ́. Ó bi í pé gbogbo àwọn yòókù tó ti fi ohùn òun ṣépè fún, ṣé àwọn ò ní ìyá ni. Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀, a sì jáde láàárín àwọn dúrọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ kejì, Doyin wá pẹ̀lú Nicole, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣètò ìbò. Nicole ò gbọ́ Yorùbá kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti fi ètò náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó ti gé e, ó ti tò ó: èébú Ọládiméjì, orúkọ Doyin, lẹ́yìn náà àmín Ọládiméjì. Wọ́n fẹ́ tú u síta ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìbò di Túsìdeè. Ó ní gbogbo Yorùbá tó wà ní Queens yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì dìbò. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wa. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àmín ọkùnrin náà ń ké nínú ilé ìdáná lẹ́yìn ohunkóhun tí Nicole bá fi ṣáájú rẹ̀.

"Pa á," Florence ní.

"Mommy, it's legal," Doyin ní. "He said it on air himself. And he did the same thing to you."

"Ó ṣe é fún mi. Mo ti wá mọ bó ṣe máa ń rí." Florence fa àga, ó jókòó sí iwájú ọmọ rẹ̀. "Àmín yẹn ti dé ibi tí mo rán an, Doyin. Ẹ má tún rán an síbòmíràn."

Doyin wo fóònù náà, ó wo ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìbò ló ń wò. Ó wá sọ fún Nicole pé kó pa á rẹ́. Nicole bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó pa á rẹ́.

Doyin ò wọlé. Ìbò tí wọ́n fi jù ú lọ ò tó nǹkan, Nicole ò sì jẹ́ ká gbàgbé. Ọládiméjì ṣì wà lórí rédíò ní gbogbo Sátidé, ó ṣì ń bú àwọn tó ń sá àsálà, ẹnikẹ́ni ò sì dá a dúró. Èmi máa ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn kí n lè rí ẹni bínú sí. Bó bá ṣépè tán báyìí, á dúró díẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ dáhùn, kó tó dá ara rẹ̀ lóhùn. Florence kì í gbọ́ ọ mọ́. Ó ti lọ sí Cambria Heights báyìí, oṣù Doyin ti pé, a ń retí ìpè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n pa àmín Ọládiméjì rẹ́, kí Doyin tó lọ, ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí ní ẹnu ọ̀nà, ó sì gbàdúrà. Doyin kì í sábà ṣe àmín, ó máa ń tijú bó ṣe ń dún lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró kí ìyá rẹ̀ sọ gbólóhùn náà tán, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó rò ó.

"Amin," ó ní, pẹrẹsẹ, láìsí òkè, láìsí ìsàlẹ̀.

Mo wà lórí àtẹ̀gùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, kí n tó ṣe tèmi.